Àsíá Ìlú Onílùú Ni Mo Fi Jẹun

Bí wọ́n bá bi ọmọdé pé kí ló fẹ́ dà bó bá dàgbà, á ní dókítà, á ní lọ́yà. Èyí tí ara rẹ̀ bá le díẹ̀ á ní sọ́jà. Mi ò tíì gbọ́ èyí tó ní òun fẹ́ máa rán àsíá. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó gbé mi dàgbà nìyẹn. Mo rán ti Nàìjíríà, mo rán ti Gánà, ti Tógò, ti Kamẹrúùnù, ti Ṣáàdì, ti Làìbéríà. Mo rán ti àwọn ìlú tó jẹ́ pé bí ẹ bá ní kí n tọ́ka sí wọn lórí máàpù, ògiri ni màá máa fọwọ́ tọ́. Àbíkẹ́yìn mi, tí kò tíì mọ iṣẹ́ tí òun máa kọ́, ló ní kí n jókòó kí n ròyìn. Mo ti jókòó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń retí ìtàn ìfọ̀kànbalẹ̀ lẹ́nu mi, ó ti ṣìnà. Iṣẹ́ àsíá kì í jẹ́ kí èèyàn sinmi. Títí di òní, bí rédíò bá dá orin dúró lójijì, màá kọ́kọ́ rò pé ìlú kan ti yí àsíá rẹ̀ padà kí n tó rántí pé mi ò rán àsíá mọ́.

Awakọ̀ ni bàbá mi, ará Ìsẹ́yìn. Òkokòmáíkò la ń gbé, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ ẹrẹ̀ àti igbó. Nígbà tí mo jáde ìwé tí ọ̀nà kò sì là síwájú mọ́, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Hunsu ní Ọ̀jọ́, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Navy Town, pé kí n lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Mo rò pé búbà àti ìró ni mo fẹ́ lọ máa rán. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo rí àsíá káàkiri lórí okùn, mo ní, "Sà, ṣé ṣọ́ọ̀bù télọ̀ nìyí àbí ilé ìwé?" Ọ̀gá wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní kí n lọ fọ ọwọ́ mi.

Ọ̀gá Hunsu kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Àjàṣẹ́ ni ilé rẹ̀, lódìkejì ibodè Sẹ̀mẹ̀, ní orílẹ̀-èdè tí àwa ará Èkó kàn ń pè ní Kútọnu. Télọ̀ ni níbẹ̀ náà. Ìjọba tuntun gorí oyè lọ́hùn-ún, wọ́n sọ àsíá wọn di gríìnì pẹ̀lú ìràwọ̀ pupa kan ṣoṣo lórígun. Ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá tó jẹ́ tíṣà lọ sọ̀rọ̀ ìṣèlú níbi tí kò yẹ kó ti sọ ọ́. Wọ́n wá ẹ̀gbọ́n, wọn kò rí i, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè àbúrò. Ọ̀gá gba ojú omi wọ Badagry, orí máṣíìnì rẹ̀ nìkan ló gbé dání. Ìyá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹ̀yin náà mọ ibi tí Àjàṣẹ́ wà. Ẹni tó bá kúrò ní Ọ̀jọ́ láàárọ̀ á dé ibẹ̀, á jẹun, á sì padà wálé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá kò lè lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá kọjá láti ọ̀nà ibẹ̀, pàápàá àwọn ìyá Ègùn tó ń gbé ẹja wá, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi wọ́n: "Ṣé ẹ rí ìyá mi?" Bí wọ́n bá ní àwọn rí i, á mí kanlẹ̀, á padà sídìí máṣíìnì. Bí wọ́n bá ní àwọn kò gba àdúgbò yẹn lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo wa la máa jìyà rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ìyà yẹn. Ọ̀gá kì í na èèyàn, ẹnu rẹ̀ ni pàṣán. O ò gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí àsíá. O ò gbọ́dọ̀ fi àjákù rẹ̀ nu máṣíìnì, kódà kó jẹ́ ti ìlú tí o kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. "Ẹnì kan wà tó lè kú nítorí aṣọ tí o fi ń nu epo yẹn," ló máa ń wí. Lọ́jọ́ kan mo rán ti Màlì. Gríìnì, yẹ́lò, pupa ló yẹ kó tò láti ẹ̀gbẹ́ òpó, èmi fi pupa ṣáájú. Ọ̀gá gbé e sókè.

"Bọ́lá, ìlú wo lo rán yìí?"

"Màlì ni, sà."

"Ẹ kúuṣẹ́ o. Gbogbo ará Màlì lo ti kó lọ sí Gínì yìí, bàbá, ìyá, àti ọmọ ọwọ́. Tú u."

Mo tú u. Nígbà tí mo tún un rán, ó ní ojú ìrán mi wọ́, mo tún tú u. Mo sunkún, kò wò mí.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti okùn. Ọ̀gá kì í jẹ́ kí a fi àsíá ìlú méjì tó ń bá ara wọn jà kọ́ sórí okùn kan náà. Nígbà tí Ṣáàdì àti Líbíà ń bá ara wọn fà á, ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà, èkejì wà ní ẹ̀yìnkùlé. Bí a bá ń lọ aṣọ, a ò gbọ́dọ̀ tò wọ́n léra. "Kí wọ́n má gbé ìjà wọn wá sínú ṣọ́ọ̀bù mi," ni Ọ̀gá máa ń wí. Mo máa ń rò pé àgbà ń ṣeré ni. Kò ṣeré. Àwa ọmọ iṣẹ́ sì ní láti máa gbọ́ ìròyìn láàárọ̀ kí á tó mọ ibi tí a máa sá aṣọ sí.

Ìgbà yẹn náà ni wọ́n lé àwọn ará Gánà. Gbogbo ọ̀nà Badagry kún fún èèyàn àti ẹrù, àwọn obìnrin gbé báàgì ńlá lérí, àwọn ọkùnrin ń fa ọmọ lọ́wọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, iṣẹ́ àsíá Gánà ló wà lórí tábìlì wa, fún ìpàdé ọ̀rẹ́ kan tí Kọ́ńgílá gba iṣẹ́ rẹ̀. Kọ́ńgílá ni ọkùnrin tó máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ́fíìsì ìjọba wá fún wa, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọ̀gá jókòó, ó ń gé ìràwọ̀ dúdú, ó ń wo ìta. Ó sọ fún mi pé, "Bọ́lá, bí wọ́n bá parí ti àwọn yìí, ta ló kù?" Ó gé ìràwọ̀ náà tán, ó sì gún régé.

Wọn kò lé Ọ̀gá. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ sí i tí ìjọba ológun ti ibodè Sẹ̀mẹ̀ pa, àwọn ìyá ẹlẹ́ja kò sì rí ọ̀nà gbà mọ́. Ìgbà yẹn ló wá burú. Kò sí ẹni tí Ọ̀gá lè bi léèrè ìyá rẹ̀. Ó ń rù. Ó máa dìde nídìí máṣíìnì, á lọ dúró sí etí títì, á wo ọ̀nà Badagry, á padà wá jókòó, kò ní pẹ́ tó tún máa dìde. Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé; àjò tirẹ̀ sì wà nítòsí tó fi jẹ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbọ́ òórùn ọbẹ̀ ilé. Ó tó ọdún méjì kí wọ́n tó tún ibodè ṣí.

Òfin rẹ̀ tó ga jù lọ ni èyí: ojú gbọ́dọ̀ rí kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. A kì í rán àsíá látẹnu ẹnikẹ́ni. Bí ìlú kan bá yí tirẹ̀ padà, a máa dúró títí Kọ́ńgílá yóò fi mú àpẹẹrẹ wá. Nígbà tí Ápà Vóltà di Bùrùkínà, àwọn télọ̀ kan ní ìdíkọ̀ Mọ́ṣáláṣí sáré rán ohun tí wọ́n gbọ́ lórí rédíò, wọ́n fi ìràwọ̀ sí igun dípò àárín. Àwa dúró, tiwa sì bá a mu. Òfin náà gbè wá fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun náà ló sì sọ wá sínú kòtò.

Ọdún 1990 ni. Mo ti gba fírídọ̀ọ̀mù nígbà náà, mo ti lọ́kọ, ṣùgbọ́n mi ò kúrò lọ́dọ̀ Ọ̀gá. Kọ́ńgílá dé, ó ní àwọn aláṣẹ láti Kútọnu ń bọ̀ wá ṣèpàdé ọ̀rọ̀ ibodè pẹ̀lú tiwa nínú gbọ̀ngàn kan ní Ọ̀jọ́. Kò mú àpẹẹrẹ kankan wá. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ọ lórí rédíò pé ìlú náà ti yí padà, pé wọ́n ti pa àsíá oníràwọ̀ tì, wọ́n sì ti mú ti àtijọ́ padà. Mo sáré lọ bá Ọ̀gá.

"Sà, wọ́n ní wọ́n ti yọ ìràwọ̀ kúrò."

Ó ń gé ìràwọ̀ náà lọ́wọ́.

"Ta ló ní?"

"Rédíò ni, sà."

"Rédíò kì í rán aṣọ." Ó sì tẹ àlùmọ́gàjí mọ́lẹ̀, ó ń gé e lọ.

Gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀. Òfin ni òfin. Lẹ́yìn náà ni ohun mìíràn yé mi. Ọkùnrin yìí kórìíra ìràwọ̀ yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ, òun ló sì ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé e látìgbà tó ti dé Èkó. Kò sí ìròyìn tó fẹ́ gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ láyé. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè gbà á gbọ́. Ẹni ejò bù ṣán rí, bó bá rí ekòló á sá.

Lọ́jọ́ ìpàdé, èmi àti Ọ̀gá lọ so àsíá mọ́ òpó méjèèjì níwájú gbọ̀ngàn. Nàìjíríà wà lápá ọ̀tún, aṣọ oníràwọ̀ wà lápá òsì. Mọ́tò àwọn àlejò dé. Àgbàlagbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ṣáájú wọn sọ̀kalẹ̀, ó gbójú sókè, ó dúró gbagidi. Àwọn tó tẹ̀lé e náà dúró. Wọn ò bínú, wọn ò pariwo, wọn ò ṣáà wọlé. Oòrùn ń pa wọ́n, àwọn tiwa ń bẹ̀ wọ́n, wọ́n dúró síbẹ̀.

Kọ́ńgílá di orí mú. "Mo gbé! Bàbá Ègùn yìí ti pa mí! Wọ́n á ní a bú wọn ni o!"

Sọ́jà kan tó ń ṣọ́ ibẹ̀ já wọ àárín wa. "Who sew this thing?"

Mo ti fẹ́ la ẹnu, Ọ̀gá fi ọwọ́ tì mí sẹ́yìn. "Èmi ni. Èmi nìkan."

"Where you from?"

"Àjàṣẹ́ ni mo ti wá, sà."

"Ọmọ ibẹ̀ ni ẹ́?" Sọ́jà náà yí sí Yorùbá wàyí. "Ọmọ ibẹ̀ kò mọ àsíá ilé bàbá rẹ̀? Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni! Today today, na you go follow dem cross border."

Ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gá ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ tí a ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ sọ́jà, mo kúnlẹ̀ sórí yanrìn. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá kò gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà ń sọ. Mọ́tò tí àgbàlagbà yẹn gbé wá ló ń wò. Àsíá kékeré kan wà níwájú rẹ̀: gríìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, yẹ́lò lókè, pupa nísàlẹ̀. Ọ̀gá rìn lọ síbẹ̀, ó fi ìka méjì di etí aṣọ náà mú, bí a ṣe máa ń yẹ ìránṣọ wò.

"Wọ́n ti dá a padà," ó ní. "Bọ́lá, òótọ́ ni. Wọ́n ti dá a padà."

Ó yíjú sí mi, omi ti kún ojú rẹ̀. "Dìde nílẹ̀. Sáré lọ tẹ́ gríìnì."

A sáré. Ṣọ́ọ̀bù kò jìnnà. Lọ́jọ́ náà nìkan ni mo rí Ọ̀gá tó gé aṣọ láìlo téèpù, láìfi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà. Àsíá tó fi kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tirẹ̀ ni, kó tó di pé ìràwọ̀ dé. Ó ń wa máṣíìnì, ó ń sunkún, omi ojú rẹ̀ ń kán sórí yẹ́lò. Mo ní, "Sà, aṣọ á ní àbàwọ́n." Ó ní, "Jẹ́ kó ní in."

Nígbà tí a fà á gòkè, àgbàlagbà náà bọ́ fìlà. Ó béèrè ẹni tó rán an, wọ́n ti Ọ̀gá síwájú. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Ègùn, mi ò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Mo kàn rí i pé Ọ̀gá ń mi orí, pé àgbàlagbà náà ń rẹ́rìn-ín, pé dírẹ́bà wọn dá sí i, ó sì na ọwọ́ sí ọ̀nà ìwọ̀ oòrùn. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Àgbàlagbà náà ní kí àwọn tó sá lọ máa bọ̀ wálé, pé àyè kan wà nínú mọ́tò òun. Dírẹ́bà sì ní òun mọ ilé ìyá Ọ̀gá, pé ìyá náà wà láàyè, pé ó ṣì ń bá àwọn aládùúgbò jà nítorí adìyẹ. Báyìí ni Ọ̀gá ṣe mọ̀ pé òun ni lóòótọ́.

Ìpàdé parí, ó wọ mọ́tò wọn pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. Sọ́jà yẹn ló bá a ti ilẹ̀kùn. Ọ̀gá yọ orí jáde, ó ní, "Mo kàn fẹ́ rí i ni. Ọ̀la ni mò ń bọ̀. Má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan máṣíìnì mi."

Ọ̀la yẹn kò dé. Ọ̀sẹ̀ kọjá, oṣù kọjá, ọdún yí po. Àwọn ìyá ẹlẹ́ja ń mú ìkíni wá: Ọ̀gá ní kí n máa bá ṣọ́ọ̀bù lọ, Ọ̀gá ní ara òun le. Òun fúnra rẹ̀ kò wá. Mo bí ọmọ, kò wá sí ìkómọ. Bàbá mi kú, kò wá sí ìsìnkú ọkùnrin tó fà mí lé e lọ́wọ́. Ibodè ṣí sílẹ̀ gbayawu, ọ̀nà kò jìn. Inú bí mi, mi ò ní fi bò. Mo sọ fún ọkọ mi pé aláìmoore ni Ọ̀gá, ó ti dé ilé, ó ti gbàgbé ẹni tó kúnlẹ̀ sórí yanrìn nítorí rẹ̀.

Mo bá iṣẹ́ lọ. Ìjọba kó lọ sí Àbújá, ìdajì iṣẹ́ bá wọn lọ. Ogun Làìbéríà wá gbé òmíràn dé. Ọkọ̀ ojú omi ń gbé àwọn ọmọ ogun wa lọ, èmi ń rán àsíá tí wọ́n ń kó dání, tiwa àti ti Làìbéríà. Àwọn ìyàwó sọ́jà láti Navy Town wá sọ ṣọ́ọ̀bù mi di ibùdó. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Èkìtì, máa ń wá wò mí níbi tí mo bá ti ń rán an.

"Àǹtí, ẹ̀yin tí ẹ ń rán tiwọn yìí, ṣé ìjà wọn á parí?"

"Ìlà pupa àti funfun ni mo mọ̀, ìyàwó. Mi ò mọ ohun tó wà nínú wọn."

"Kí ló wá kàn wá nínú ìjà onítọ̀hún?"

Mo ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ó ní òun kò rí oorun sùn báyìí náà. Ọkọ rẹ̀ padà dé, ó fi ẹsẹ̀ kan tiro. Àwọn kan kò padà dé. Láwọn ọdún wọ̀nyẹn náà ni ọ̀rọ̀ Bàkásì dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa àti Kamẹrúùnù, mo sì rí i pé ọwọ́ mi fúnra rẹ̀ gbé aṣọ wọn lọ sá sí ẹ̀yìnkùlé.

Irinṣẹ́ náà ń yí padà. Mo ra máṣíìnì oníná ní Àlàbá, ẹsẹ̀ mi sinmi, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, mo padà sórí ti Ọ̀gá. Kò pẹ́, àsíá tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ sórí nálọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti òkè òkun. Mo lọ bá oníṣòwò kan tó ń tà á ní Àlàbá, mo na tèmi síwájú rẹ̀. Ó wò ó dáadáa. "Mama, your own fine pass. But my own cheap pass." Kò purọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́, ẹ kọ́ ohun tó wù yín, àmọ́ ẹ mọ̀ pé ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe, ẹ̀rọ kan wà níbì kan tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́. Sùtánà ìjọ aláṣọ funfun ni mo wá rán jẹun ní Ìbá títí ojú mi fi di bàìbàì.

Kí n tó palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù Ọ̀jọ́ mọ́, mo ní n ò ní fi ohun olóhun ṣe tèmi. Mo di orí máṣíìnì Ọ̀gá sínú àpò, mo gbé e gba Sẹ̀mẹ̀. Kọ́sítọ́ọ̀mù tiwa tú u, tiwọn náà tú u. Mo dé Àjàṣẹ́ lọ́sàn-án. Ọ̀gá ti hu ewú, aṣọ iléèwé àwọn ọmọdé ló ń fi ọwọ́ rán ní pálọ̀. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, kékeré báyìí, ohùn rẹ̀ ń dún ju ti gbogbo ilé lọ. Mo kí wọn tán, mo kó ìbínú mi kalẹ̀. Ìkómọ, mo kà á. Ìsìnkú, mo kà á. Ọ̀gá kò bá mi jiyàn. Ó ń fi ọwọ́ pa máṣíìnì náà, ó ní kí n sun ibẹ̀, ilẹ̀ á mọ́.

Ilẹ̀ mọ́. Mo di ẹrù mi, Ọ̀gá ní òun máa sìn mí dé gáréèjì. A dé ẹnu ọ̀nà, àgádágodo wà lára ilẹ̀kùn, láti inú. Ìyá ti jókòó síbẹ̀ lórí àpótí, kọ́kọ́rọ́ wà ní kókó ìró rẹ̀.

"Ìyá," Ọ̀gá ní, Yorùbá ni wọ́n ń sọ kí èmi náà lè gbọ́, "mo kàn fẹ́ sìn ín dé gáréèjì ni."

"Lọ́jọ́ tí o sá lọ, òwú lo ní o kàn fẹ́ lọ rà."

"Ìyá, ìyẹn ti pẹ́."

"Mo jókòó síbí dè ọ́. Kí o tó ra òwú dé, mo fọ́jú ọ̀tún." Ó kọjú sí mi, ó ń fi ojú kan wò mí, kò sí ìjà níbẹ̀. "Ọmọ mi, o ṣeun tí o bá mi tọ́jú rẹ̀. Ìwọ lè máa lọ. Òun kò lọ síbì kankan. Ìjọba lè yí padà kó tó dé."

Mo wo Ọ̀gá. Ọkùnrin tó mú kí n tú àsíá Màlì lẹ́ẹ̀mejì, tí gbogbo ọmọ iṣẹ́ ń gbọ̀n níwájú rẹ̀, ó dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé.

"Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni," ó ní jẹ́jẹ́. "Ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń jẹ́ kí n lọ, òun náà á sì bá mi lọ."

Gbogbo ohun tí mo ti sọ nípa rẹ̀ fún ọkọ mi wá sí mi lọ́kàn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ọ̀gá, èmi obìnrin, mi ò tilẹ̀ rántí pé ìkúnlẹ̀ ni tèmi. Ìyá tú kókó ìró rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn náà níwọ̀nba ibi tí èmi nìkan lè fi ẹ̀gbẹ́ gbà. Mo bọ́ sí ìta, mo sì gbọ́ ọ bó ṣe ń ti àgádágodo náà padà.